Kọ̀ǹpútà géèmù tó ti ń dàgbà: kí la ó pààrọ̀, kí la ó fi sílẹ̀?

Irú kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé pọ̀ nígboro. Wọ́n tò ó pọ̀ ní ọdún 2017 tàbí 2018: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ rẹ̀) Ryzen 5 1600 ti ilé iṣẹ́ AMD, màdábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà jókòó lé) B350 tàbí B450, ràámù (ìrántí ìgbà díẹ̀) DDR4 ti 8GB, power supply wáàtì 550. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ GPU rẹ̀, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán, lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ GTX 1060 kúrò, ó ti fi RTX 3060 sí i. Àwòrán ń dán gbinrin. Àmọ́ bí géèmù bá ti wọ àárín ìlú tí èrò àti ọkọ̀ pọ̀ sí, ìyọnu dé: á sáré díẹ̀, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Ohun tó sì máa ń wá sọ́kàn ni pé, "Prósẹ́sọ̀ ti gbó, ràámù ò tó, ẹ jẹ́ ká kúkú ra kọ̀ǹpútà mìíràn."

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó gọbọi ni àwọn èèyàn ń ná sórí irú kọ̀ǹpútà yìí láìtíì mọ ibi tó ń dùn ún. Èrò tèmi ni pé màdábọ́ọ̀dù yẹn ṣì wúlò dáadáa, pé prósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo àti ràámù méjì tó bára mu ló kù tí ẹ máa rà fún un láyé rẹ̀, àti pé ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀ kan.

Ta ló ń dá ta dúró?

Nínú géèmù, prósẹ́sọ̀ ló ń ṣètò: ta ló wà níbo, ọta ba ta ni, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀. GPU ló ń kun ohun tí prósẹ́sọ̀ bá tò sílẹ̀ fún un. Bí prósẹ́sọ̀ bá lọ́ra, GPU á káwọ́ gbera, á máa wòye. Bí GPU ló bá lọ́ra, kò sí ohun tí prósẹ́sọ̀ tuntun fẹ́ ṣe sí i.

Láti mọ èwo ni, ẹ gbé ètò MSI Afterburner àti RivaTuner tó ń bá a rìn sórí kọ̀ǹpútà náà, kó máa kọ GPU usage (bí GPU ṣe ń ṣiṣẹ́ tó), iye fréèmù (àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti frametime (àsìkò tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà) sí igun ojú géèmù. Ẹ kọ́kọ́ pa V-Sync àti ohunkóhun tó ń dá fréèmù dúró sí iye kan, torí bí wọ́n bá wà níbẹ̀, irọ́ ni nọ́ńbà tí ẹ máa rí. Ẹ wá lọ síbi tí géèmù ti máa ń kọsẹ̀ gan-an, ẹ má lọ dúró sínú yàrá òfìfo kan kí ẹ máa yọ̀ pé fréèmù pọ̀. Bí GPU bá wà ní 95% sí 99%, òun ló ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, ẹ tọ́jú owó prósẹ́sọ̀ yín. Bí ó bá wà ní 55% tàbí 65% tí fréèmù sì kéré, a jẹ́ pé ó ń dúró de ẹlòmíràn. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ fa resolution (iye àmì tó para pọ̀ di àwòrán) wálẹ̀ láti 1080p sí 720p. Iṣẹ́ GPU á fúyẹ́ gan-an. Bí fréèmù bá kọ̀ tí kò kúrò níbi tó wà, prósẹ́sọ̀ tàbí ràámù lẹ máa bi.

Ẹ má jẹ́ kí Task Manager, ètò Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, tàn yín. Á ní prósẹ́sọ̀ wà ní 40%, ẹ̀yin náà á sì rò pé ó ṣì ní agbára tó pọ̀ nílẹ̀. Ryzen 5 1600 ní core 6 (òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀) àti thread 12 (ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn). Ọ̀pọ̀ géèmù ló ní thread kan tó jẹ́ olórí, tí àwọn yòókù ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Bí olórí yẹn bá gba thread kan tán pátápátá, 8.3% péré ni nínú àpapọ̀. Windows tún máa ń gbé e kiri láti orí core kan sí òmíràn, débi pé bí ẹ bá tiẹ̀ ṣí àwòrán gbogbo thread méjèèjìlá, ẹ lè má rí ẹyọ kan tó kan òrùlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹ̀rí GPU gbọ́ ju ẹ̀rí prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo frametime náà dáadáa. Bí fréèmù bá jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 16.7. Bí èyí tó pọ̀ bá dé lásìkò, tí ẹyọ kan wá lọ gba 80, àròpín á ṣì dára lójú, àmọ́ ojú ènìyàn á ti mú un. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní 1% low, ìyẹn iye fréèmù ní ìdá 1% tó lọ́ra jù, ló ń sọ òótọ́ nípa èyí, ibẹ̀ sì ni prósẹ́sọ̀ àgbà àti ràámù kékeré ti máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí ara wọn.

Ní ti ràámù, ẹ jẹ́ kí géèmù wà ní ṣíṣí, kí ẹ wo Memory nínú Task Manager. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà níwájú Committed ṣe pàtàkì ju èyí tó ń fò sókè sódò lọ. Bí ó bá ti ju iye ràámù tó wà lára kọ̀ǹpútà lọ, tí dísíìkì náà sì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan nígbà tí géèmù bá ń kọsẹ̀, a jẹ́ pé Windows ti ń kó ẹrù lọ sórí dísíìkì. Lórí SSD, ẹ máa rí i bí ìkọsẹ̀. Lórí hard disk àtijọ́, ẹ lè lọ bu omi mu kẹ́ ẹ tó padà bá a.

Ooru ńkọ́? Ẹ fi HWiNFO wò ó. Bí 1600 bá ti kan dígíríì 95, á fúnra rẹ̀ dẹ ẹsẹ̀. Eruku ọ̀pọ̀ ọdún nínú fáànù àti páàsìtì àárín prósẹ́sọ̀ àti kúlà tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná ti mú kí ẹlòmíràn ra prósẹ́sọ̀ tí kò nílò.

Ràámù, níbi tí owó kò tíì jáde

Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ṣí ètò CPU-Z, ẹ lọ sí abala Memory. Bí ó bá kọ Single sí iwájú Channel, ààbọ̀ ojú ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà yín ń rìn. Ràámù DDR4 ẹyọ kan tó ń sáré ní 2400 ń gbé 19.2GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di méjì, tí wọ́n wà lórí ọ̀nà méjì, ó di 38.4GB. Ẹ wo DRAM Frequency pẹ̀lú, àmọ́ ẹ rántí pé ìdajì ló máa ń kọ: 1200 níbẹ̀ túmọ̀ sí 2400.

Ibí ló ti máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ràámù tí wọ́n kọ 3200 sí lára kì í sáré ní 3200 fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ ihò lásán, 2133, 2400 tàbí 2666 ni á máa rìn títí ẹ ó fi wọ BIOS (ètò inú màdábọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) lọ tan XMP (ètò ìsáré tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ràámù). Lórí màdábọ́ọ̀dù AMD ti ASUS, DOCP ni wọ́n ń pè é. Lórí ti MSI, A-XMP. Ẹ tan án, ẹ fi pamọ́, ó parí. Ràámù wà tó ti lo ọdún 5 lórí màdábọ́ọ̀dù tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé òun ò tíì lo ohun tí òun san owó lé. Ryzen àkọ́kọ́ a máa ṣagídí ní 3200. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn, ẹ fà á sí 2933.

Ìwọ̀n ìsáré yìí kan prósẹ́sọ̀ náà gbọ̀ngbọ̀n. Core mẹ́fà inú 1600 kò gbé yàrá kan náà. Mẹ́ta wà níhìn-ín pẹ̀lú cache (ìrántí kékeré inú prósẹ́sọ̀) 8MB tiwọn, mẹ́ta wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú 8MB tiwọn. Bí ohun tí core kan ń wá bá wà ní yàrá kejì, ó ní láti gba Infinity Fabric kọjá, ìsáré ọ̀nà yẹn sì so mọ́ ti ràámù. Ràámù tó ń wọ́lẹ̀ ń fa prósẹ́sọ̀ náà lẹ́yìn.

Bí ẹ bá máa rà, ẹ ra méjì tó jáde nínú páálí kan náà: DDR4-3200 CL16. CL ni iye ìgbà tí ràámù máa ń dúró kó tó dáhùn. Láti mọ̀ ọ́n ní nánósẹ́kọ́ńdù, ẹ fi 2000 ṣe ìlọ́po CL, kí ẹ fi ìsáré rẹ̀ pín in. CL16 lórí 3200 jẹ́ 10. CL18 lórí 3600 jẹ́ 10 bákan náà. CL22 lórí 3200, tó pọ̀ lára ràámù ọ́fíìsì, jẹ́ 13.75. Nítorí náà bí oníṣòwò bá ní "3200 ni méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n," kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí prósẹ́sọ̀ yín bá máa di Ryzen 5000, 3600 CL16 tún dára sí i, torí Infinity Fabric wọn sábà máa ń gba 1800MHz láìjanpata. Kọjá ibẹ̀, wàhálà lẹ ń rà.

Kí ló dé tí a ò kàn ní ra 8GB ẹyọ kan sí i, ká fi kún èyí tó wà níbẹ̀? Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀, àwọn kan ti ṣe é tó sì lọ. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ta ràámù fún yín kò dán XMP wò pẹ̀lú ràámù ẹlòmíràn. Ràámù méjì tí orúkọ àti nọ́ńbà wọn bára mu délẹ̀ lè ní chip ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú, bí wọ́n bá ti ṣe wọ́n ní àsìkò tó yàtọ̀. Ó lè má tàn. Èyí tó burú jù ni pé ó lè tàn, kó máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí géèmù wá dédé pa ara rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kí ẹ máa fi Windows bú.

Mélòó ló tó? 16GB ni mo kà sí ilẹ̀ pẹpẹ. 32GB wà fún ẹni tó ń kó mod (àfikún) lé géèmù lórí, tó ń ṣe stream (tó ń fi géèmù hàn lórí ayélujára), tàbí tí kì í ti bíràwúsà rẹ̀. Láti apá ìparí ọdún 2025 ni owó ràámù ti gbówó lórí káàkiri ayé, torí àwọn tó ń ṣe é ti kọjú sí ilé ìpamọ́ dátà tó ń ṣiṣẹ́ AI, nítorí náà kì í ṣe àsìkò tí ẹni tó nílò 16 á fi ra 32 fún ṣakarà. Àmọ́ ẹ wo iye ihò tó wà lórí màdábọ́ọ̀dù yín. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 8GB méjì ò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, bí àwọn màdábọ́ọ̀dù kékeré kan ṣe rí, ẹ rò ó dáadáa, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ 32, ẹ ó yọ gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ dànù.

Prósẹ́sọ̀ wo?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4, ìjókòó prósẹ́sọ̀ lórí màdábọ́ọ̀dù, ló mú kí kọ̀ǹpútà yìí ṣeé gbà là. Ryzen dé orí rẹ̀ ní ọdún 2017, Ryzen 5000 bọ́ sórí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2022, AMD ṣí ọ̀nà fún màdábọ́ọ̀dù 300 àtijọ́ (irú B350) náà láti lo Ryzen 5000. Ẹni tó ra B350 ní 2017 lè fo ìran mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan láìtú màdábọ́ọ̀dù.

Fún ẹni tó ní RTX 3060, Ryzen 5 5600 ni màá sọ, láìfọ̀rọ̀ gùn. Core 6, thread 12, bíi ti 1600 gẹ́lẹ́ lórí ìwé. Àmọ́ níhìn-ín gbogbo core mẹ́fà wà nínú yàrá kan, wọ́n jọ ń lo cache 32MB. Kò sí pé à ń ránṣẹ́ sí yàrá kejì mọ́. Kúlà tirẹ̀ wà nínú páálí. Kì í jẹ iná púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jọ ọ́ lórúkọ. Cache 16MB ni 5500 ní. 5600G náà, 16MB ni, GPU kékeré tó wà nínú rẹ̀ ló gba àyè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ní GPU ò nílò ìyẹn. Lẹ́tà G kan ṣoṣo yìí ni àwọn oníṣòwò máa ń fi ṣeré.

5700X ní core 8, òun náà kì í jẹ iná: àṣejù rẹ̀ kò kọjá wáàtì 76. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń ṣe stream. Fún géèmù nìkan, owó tó fi ju 5600 lọ kì í sábà hàn lójú.

5700X3D àti 5800X3D ni àwọn àgbà. Wọ́n fi cache 64MB lé orí 32MB bí ìgbà tí wọ́n fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 96MB. Bí a bá fi ẹni tó ń dáná ṣe àpẹẹrẹ, cache ni àwo ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ràámù ni ọjà. Bí àwo bá tóbi, ìrìn àjò ọjà á dín kù. Géèmù tó ní nǹkan púpọ̀ láti ṣírò, bíi Factorio, Microsoft Flight Simulator àti World of Warcraft, máa ń jèrè rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, $449 ni 5800X3D ní oṣù kẹrin ọdún 2022, $249 ni 5700X3D ní oṣù kìíní ọdún 2024. Méjèèjì ti wọ́n lọ́jà báyìí, àwọn tó ní in sì mọ̀ pé ó wọ́n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí GPU rẹ̀ jẹ́ RTX 3060 tó ń ṣeré ní 1440p kò ní rí ohun tí X3D ń ṣe, torí GPU á ti kún kí prósẹ́sọ̀ tó làágùn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo màdábọ́ọ̀dù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kóró dúdú kéékèèké tó tò síbẹ̀ ni VRM, àwọn ló ń ṣètò iná fún prósẹ́sọ̀. Lórí A320 àti B350 olówó pọ́ọ́kú, wọ́n wà ní ìhòòhò, kò sí irin tútù kankan tó bò wọ́n. Prósẹ́sọ̀ tí wọ́n kọ wáàtì 105 sí lára ní àṣẹ láti fa tó wáàtì 142. Bí VRM ìhòòhò bá ń gbé ìyẹn fún wákàtí méjì nínú yàrá tí kò sí atẹ́gùn, á gbóná, prósẹ́sọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn. 5600 tàbí 5700X ló bá irú màdábọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ mu.

Bí ẹ bá ń ra tokunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ ní kí oníṣòwò fi sórí màdábọ́ọ̀dù kó tan án, kí CPU-Z pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí irin ṣeé fín. Ẹ gbé e sókè sí ojú iná, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: píìnì 1331 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tò gbọọrọ bí ebè àgbàdo. Ẹ sì yẹra fún Ryzen PRO tó ti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì jáde. Àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ tó tò wọ́n ti tì mọ́ màdábọ́ọ̀dù tirẹ̀ títí láé. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè tàn mọ́.

Ẹni tó ní Intel ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ i5-8400, ẹ wá i7-9700 tàbí i9-9900, ẹ kọ́kọ́ sọ BIOS di tuntun. Bí ó bá jẹ́ i5-6500 tàbí 7500, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ ti ìran kẹjọ, LGA1151 ni wọ́n ń pe méjèèjì, àmọ́ wọn ò bára tan, i7-7700 ni ìpẹ̀kun ọ̀nà rẹ̀. Core 4 péré ló ní, owó rẹ̀ ní tokunbọ̀ sì máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ i5-4570 tó ń lo DDR3, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún un mọ́. AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD tó tẹ̀ lé AM4, dára, àmọ́ màdábọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àti DDR5 lẹ máa rà pọ̀, pẹ̀lú iye tí ràámù jẹ́ lásìkò yìí.

Ìdí mìíràn tún wà fún ẹni tó ní 1600. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ryzen 1000 kò sì sí nínú prósẹ́sọ̀ tí Windows 11 fọwọ́ sí. 5600 wà níbẹ̀.

BIOS: kí prósẹ́sọ̀ àtijọ́ tó kúrò lórí ìjókòó

Màdábọ́ọ̀dù ọdún 2017 kò mọ Ryzen 5000 rí. Bí ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ sọ BIOS di tuntun, fáànù á máa yí, ojú á dúdú, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta òkú prósẹ́sọ̀ fún yín. Ẹ wo orúkọ màdábọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà revision tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀, torí rev 1.0 àti rev 2.0 lè máa lo BIOS ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wá àkójọ prósẹ́sọ̀ tó gbà, á sọ BIOS tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ BIOS náà délẹ̀: àwọn kan ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ti àárín sí i, kẹ́ ẹ tó fi èyí tó kẹ́yìn. Ẹ gbé fáìlì náà sórí fláàṣì tí wọ́n ṣètò (format) sí FAT32, kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà láti inú BIOS fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú Windows.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni. Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn, màdábọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà mọ ohun tí mò ń sọ. UPS tàbí inverter ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kì í ṣe iná NEPA lásán, kì í sì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ò mọ iye epo tó kù nínú rẹ̀. Màdábọ́ọ̀dù tó bá ní bọ́tìnì BIOS Flashback lẹ́yìn ṣeé jí dìde. Èyí tí kò ní, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìkọ̀wé sórí chip lẹ ó gbé e lọ.

BIOS tuntun á nu gbogbo ètò yín nù: XMP á pa, ìṣètò fáànù á padà síbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pa CSM (ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbà tàn), tí Windows yín sì wà lórí dísíìkì tí wọ́n fi MBR, ìlànà àtijọ́, pín, dísíìkì náà kò ní hàn láti tàn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé BIOS kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń mú èèyàn sunkún rèé. Nígbà tí prósẹ́sọ̀ tuntun bá tàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ funfun lórí ojú dúdú, tó ń sọ pé prósẹ́sọ̀ tuntun ti wọlé, pé fTPM (àpótí kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú prósẹ́sọ̀) ti yí padà, kẹ́ ẹ tẹ Y láti nù ún tàbí N láti fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa, wà nínú fTPM prósẹ́sọ̀ àtijọ́. Bí BitLocker bá ti dísíìkì yín, tí ẹ ò sì ní nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀ lọ́wọ́, fáìlì yín ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé BitLocker wà ní títàn, torí Windows lè tan án fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó bá wọlé pẹ̀lú àkántì Microsoft. Ẹ wò ó ní Settings, ẹ dá a dúró tàbí kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè tẹ Y láìbẹ̀rù.

Ọwọ́ lórí irin

Ẹ má tú kúlà nígbà tí kọ̀ǹpútà tutù. Ní AM4, ara prósẹ́sọ̀ ni píìnì wà, agbára tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi dì í mú kò sì pọ̀. Páàsìtì tó ti gbẹ lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá fa kúlà sókè tààrà, á fa prósẹ́sọ̀ tu pẹ̀lú ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà ní títì, píìnì á sì wọ́. Ẹ ṣe géèmù fún ìṣẹ́jú 15 kí páàsìtì rọ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara yín lè bọ́ sílẹ̀. Ẹ tú síkírúù mẹ́rin kúlà náà ní ìdábùú, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wá di kúlà mú, kí ẹ yí i rọra sápá òsì, sápá ọ̀tún, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò tó le. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tó bá já: á dẹ̀, á máa yọ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó gbé e.

Bí kúlà yín bá jẹ́ irú tó ń fi síkírúù wọ irin ẹ̀yìn màdábọ́ọ̀dù, ẹ fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀yìn náà mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á já bọ́ sẹ́yìn.

Ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu páàsìtì àtijọ́ kúrò lára kúlà. Ẹ gbé ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì dúró, ẹ wo onígun mẹ́ta wúrà kékeré igun prósẹ́sọ̀, kí ẹ fi kan onígun mẹ́ta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Á já wọlé fúnra rẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Bí kò bá wọlé, píìnì kan ti wọ́: ẹ yọ ọ́, ẹ wá a rí, kí ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù oníkóró tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ tọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kán páàsìtì tó tó ẹ̀wà kan sí àárín. Tí páàsìtì bá ti wà nísàlẹ̀ kúlà inú páálí tẹ́lẹ̀, ẹ má fi òmíràn kún un.

Ràámù méjì lọ sí ihò kejì àti ìkẹrin, bí ẹ bá ń kà láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀. Ìdí wà fún un: ọ̀nà wáyà inú màdábọ́ọ̀dù parí sí ihò tó jìnnà jù, bí ibẹ̀ bá ṣófo, ìró iná á padà wá bí ohùn inú kòtò, á sì da ràámù láàmú ní ìsáré tó ga. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Ẹ so fáànù mọ́ CPU_FAN.

Ẹ tan án. Ojú á dúdú. Fáànù á yí, ó lè kú, kó tún tàn fúnra rẹ̀. Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò: ràámù ni màdábọ́ọ̀dù ń kọ́, ó lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ má pa á. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ gbìyànjú pẹ̀lú ràámù ẹyọ kan.

Bí ó bá ti wọ BIOS, ẹ tan XMP, kí ẹ má tíì wọ Windows. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán ràámù wò, sórí fláàṣì, ẹ jẹ́ kó yí ẹ̀ẹ̀mẹrin mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Ẹ fa ìsáré wálẹ̀ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nínú Windows, ẹ fi Cinebench fún prósẹ́sọ̀ níṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ máa wo ooru: X3D kò gbọ́dọ̀ kọjá 90. Ẹ ṣí Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá WHEA-Logger, ìyẹn àṣìṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá pọ̀ níbẹ̀, Infinity Fabric ń jìyà, ẹ dín ràámù láti 3600 sí 3200.

Ẹ wá padà sí àárín ìlú yẹn nínú géèmù, ibi kan náà gan-an, ètò kan náà, kẹ́ ẹ wo GPU usage. Bí ó bá ti gun 95%, iṣẹ́ ti parí.

Ní ti prósẹ́sọ̀ àtijọ́, ẹ fi í sínú ike tí tuntun náà bá wá, kí píìnì rẹ̀ má bàa wọ́. Ẹ má tíì tà á lọ́sẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ BIOS tó ń lò tẹ́lẹ̀ sára ike náà, torí àwọn BIOS tuntun kan ti yọ prósẹ́sọ̀ àgbà kúrò láti rí àyè fún tuntun. Bí tuntun bá ní àléébù, tí ẹ dá àtijọ́ padà, màdábọ́ọ̀dù lè wò ó bí àlejò.